Táàpù Tí Ẹ̀gbọ́n Ṣí

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbé òkú Àbúrò jáde nínú táǹkì, ṣùgbọ́n ara táǹkì náà ṣì gbóná débi pé bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ omi èso ni. Táǹkì tí wọ́n fi ń po omi èso yìí ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni méjì ló sì ń fọ̀ ọ́. Ọ̀kan á wọnú rẹ̀ lọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, èkejì á dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù. Bí ẹni inú bá fọ̀ ọ́ tán, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa gbà jáde, ẹni tó wà nídìí táàpù kò sì lè rí ilẹ̀kùn yẹn. Ìgbà náà ni ẹni ìta á wá ṣí táàpù, tí ooru omi gbígbóná á ya wọlé láti pa kòkòrò. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹni ìta ṣí táàpù nígbà tí ẹni inú ṣì ń fọ ògiri.

Àbúrò ni ẹni inú. Ẹ̀gbọ́n ni ẹni ìta. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, bí gbogbo ilé iṣẹ́ sì ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí wọn kì í rí ọ̀kan kí wọ́n má rí èkejì. Adití ni Ẹ̀gbọ́n láti kékeré. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi í sídìí táàpù nìyí.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," máníjà ilé iṣẹ́ náà sọ fún wa. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. "Lánàá, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ti àbúrò rẹ̀ láyà sẹ́yìn. Lónìí, àbúrò kú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Èmi gan-an, mo ti gbà á gbọ́. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, mo sì mọ̀ pé bí ọmọ ìyá bá máa pa ara wọn, ilé ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi obìnrin ń wo iná kékeré kan lára ògiri, lókè táàpù. Wò-ó-Dáadáa là ń pè é ní tèṣán wa, lẹ́yìn rẹ̀ o, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tí a bá rò pé ọ̀ràn ti parí.

"Iná kí nìyí?" ó bi í.

"Iná ooru ni, Mọ̀dáámù. Tó bá ti tàn ní àwọ̀ ewé, ooru ti ṣetán."

"Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

"Rárá o. Ooru nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Iná náà tàn, kò sì ní àléébù kankan.

"Báwo ni ẹni ìta ṣe ń mọ̀ pé ẹni inú ti jáde?"

"Á pariwo pé òun ti jáde. Ẹ̀kọ́ tí a fi kọ́ wọn tún sọ pé kí ẹni ìta fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó fọwọ́ kan táàpù. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀kọ́ náà wà, gbogbo wọn ló sì wò ó kí wọ́n tó wọbí. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó."

"Adití ń wo ẹ̀kọ́ tó ń fọhùn?"

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ máa ń jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, Mọ̀dáámù. Ohun tí ohùn bá sọ, ó wà níbẹ̀ lákọsílẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀wé kà."

*

Nínú àtìmọ́lé, Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin. Ènìyàn méjì péré ló gbọ́ èdè ọwọ́ ọkùnrin yìí láyé, ọ̀kan nínú wọn ló kú láàárọ̀ yẹn. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ní ó pa á. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bi í léèrè ìdí tó fi ṣí táàpù," ni ọ̀gá mi wí.

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ju ìka, ó yí ọrùn ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn kíákíá.

"Ó ní ẹ̀kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí iná bá ti tàn, kí òun fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí òun yí i sọ́tùn-ún títí á fi dúró. Ó ní iná tàn, òun sì yí i."

"Kò ronú kan àbúrò rẹ̀ ni?"

Ìyá náà tún ju ìka, ọmọ náà sì dá a lóhùn. "Ó ní òun rò pé ohun tí iná yẹn wà fún nìyẹn. Pé tó bá ti tàn, Àbúrò ti jáde. Ó ní iná ló purọ́ fún òun."

Mo mi orí. Iná tí a fojú ara wa dán wò! Mo ní lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ò tilẹ̀ mọ irọ́ pa.

"Ìjà àná ńkọ́?" ni mo bi í.

Ìyá náà ò tilẹ̀ bi ọmọ rẹ̀. "Mo mọ ìyẹn, Sájẹ́ǹtì. Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò fẹ́ jókòó tì í níbi ẹ̀kọ́ yẹn, kó máa fọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, bó ṣe ń ṣe fún un láti ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó ní òun ti di géńdé, òun ti ní irùngbọ̀n, títí dìgbà wo ni àbúrò òun á máa jẹ́ ẹnu fún òun? Ó ní ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀, òun á kà á fúnra òun. Àbúrò ò gbọ́, ó tẹ̀ lé e débẹ̀. Ìyẹn ló fi tì í."

Ó wá di irin mú, ó sì sún mọ́ ọ̀gá mi.

"Ẹ bá mi wá òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Mọ̀dáámù. Méjì ni mo bí. Tó bá jẹ́ pé èyí ló mọ̀ọ́mọ̀ pa èkejì, ẹ sọ fún mi, kí n lọ jókòó sílé bí ẹni tí kò bímọ rí. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ má fi ìyókù mi ṣòfò."

Ọ̀gá mi ní òun á wá a. Kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló jẹ́ kó yà mí lẹ́nu.

*

Èmi ò fẹ́ràn ọ̀ràn tó bá ti ní kọ̀ǹpútà nínú. Olè á fi ipasẹ̀ sílẹ̀, apànìyàn á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀fọ́rí. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ náà kéré, ó sì tutù. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní Tíṣà. Ojú rẹ̀ ti wú, ó sì jọ pé ó ti sunkún kí a tó dé. Máníjà bá wa wọlé, ó sì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

"Ṣàlàyé bó o ṣe ń ṣe é fún mi," ni ọ̀gá mi wí. "Má bẹ̀rù. Sọ ọ́ bíi pé màmá rẹ ni mo jẹ́."

"Màá kó àwòrán sójú ìwé kọ̀ọ̀kan, mà. Lẹ́yìn náà, màá tẹ ọ̀rọ̀ ojú ìwé yẹn sínú àyè kan tí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kì í rí. Màá yan ohùn, bóyá tọkùnrin tàbí tobìnrin, màá tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì kà á jáde. Tí mo bá tún fẹ́ kó hàn nísàlẹ̀, màá fi àmì sí ibì kan, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà á máa jáde bí ohùn ṣe ń sọ ọ́."

"Ìgbà kan ṣoṣo lo ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ìgbà kan, mà."

"Ẹ wá rí i!" máníjà dá sí i. "Ibì kan náà ni ohùn ti ń mu, ibẹ̀ ni ìwé náà ti ń mu. Ohùn ò lè sọ ohun tí ìwé ò sọ. Tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá gbọ́ ìkìlọ̀, ó di dandan kí Ẹ̀gbọ́n ti kà á."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀gá mi ní kí n máa tẹ ẹ̀kọ́ náà, kí òun máa wò ó. Mo jókòó. Ohùn obìnrin kan tí kì í mí rárá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: bàtà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú. Mò ń tẹ bọ́tìnì "Tẹ̀síwájú" ní igun ìsàlẹ̀, à ń lọ. Níkẹyìn, a dé ojú ìwé táàpù, ọ̀rọ̀ náà sì jáde nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ń wí i:

Nígbà tí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ooru ti ṣetán.
Fi ọwọ́ méjèèjì di táàpù mú,
kí o sì yí i sọ́tùn-ún títí yóò fi dúró.
Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án bí o kò bá tíì rí ẹnìkejì rẹ níta.

"Ó tán," ni máníjà wí. "Kí lẹ tún ń wá?"

Lóòótọ́, ó tán lójú tèmi. Adití ka ìkìlọ̀, ó sì ṣí táàpù. Mo fẹ́ kúrò lójú ìwé burúkú yẹn, mo tẹ bọ́tìnì, kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo ní ẹ̀rọ yìí ti rí àgbàyà mú. Tíṣà yára na ọwọ́, ó tẹ etí bọ́tìnì náà níbi tó ṣẹ́ kù díẹ̀, ó sì lọ.

"Dúró," ni ọ̀gá mi wí. "Dá a padà síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì, kí ló dé tí o ò rí bọ́tìnì yẹn tẹ̀?"

"Nǹkan bò ó, Ọ̀gá. Àpótí dúdú tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ yìí ló gùn ún."

"Ó bò ó láwọn ojú ìwé ìṣáájú?"

"Rárá."

"Wò ó dáadáa." Ó yíjú sí máníjà. "Ẹ̀kọ́ yìí gan-an làwọn òṣìṣẹ́ wò? Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án látìgbà yẹn?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, Mọ̀dáámù. Màá búra."

"Ẹ má tíì búra," ni ọ̀gá mi wí, ó sì jáde.

*

Ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò ló lọ. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan sí òmíràn, èmi sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí. Ìbéèrè rẹ̀ kò kan ìjà, kò kan táǹkì.

"Ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí ẹ wò, ojú ìwé wo ni bọ́tìnì rẹ̀ yọ yín lẹ́nu?"

Obìnrin kan tó ń kó ìgò rẹ́rìn-ín. "Kò sí èyí tó yọ wá lẹ́nu, mà. Ṣe lèmi ń tẹ̀ ẹ́ gbà-gbà-gbà kí n lè tètè lọ jẹun."

"Ti ojú ìwé táàpù ńkọ́?"

"Òun náà ni mò ń sọ. Ó kàn lọ ni."

Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tún fi kún un pé tí ojú ìwé kan bá há òun mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa gbọ́ ariwo òun.

Mo bi ọ̀gá mi pé kí ni bọ́tìnì kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe fún òkú ènìyàn. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

*

Nígbà tí a padà, ó ní kí Tíṣà pa ohùn ẹ̀kọ́ náà pátápátá, kí a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàrá náà dákẹ́. A ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde nísàlẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe máa wò ó. Ní gbogbo ojú ìwé, àpótí dúdú náà kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Ní ojú ìwé táàpù nìkan ló ga sí i tó fi gba mẹ́rin.

"Tíṣà," ni ọ̀gá mi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta ló ń sọ bí àpótí yìí ṣe máa tóbi tó?"

Ọmọbìnrin náà wo máníjà tó ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ́. Ìwọ ni. Ìlà mẹ́ta lo fún gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju mẹ́ta lọ, inú òkùnkùn ló ń wọ̀, kò ní hàn. Máníjà ní ibì kan náà ni ohùn àti ìwé ti ń mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn ò ní àpótí, bó ṣe wù kí ọ̀rọ̀ gùn tó, á sọ ọ́ tán. Ìwé ló ní àpótí." Ó fi ìka lé ìlà kẹta. "Wo ibi tó gé e. 'Títí yóò fi dúró.' Àmì ìdánudúró wà níbẹ̀. Ká ní àárín ọ̀rọ̀ ló ti já ni, adití á mọ̀ pé nǹkan kù, á béèrè. Ṣùgbọ́n ó pé lójú rẹ̀. Ó kà á tán, ó tẹ bọ́tìnì, ó lọ. Nígbà tí gbogbo wọn wò ó, kò sóhun tó bo bọ́tìnì yẹn, nítorí ìlà kẹrin ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ló fẹ àpótí yìí lẹ́yìn ikú Àbúrò, kó tó di pé a wọlé, ìkánjú ò sì jẹ́ kó rí i pé ó ti gun orí bọ́tìnì."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn," ni máníjà wí. Ó ti dáwọ́ dúró, kò nu ọwọ́ mọ́.

Tíṣà bú sẹ́kún. "Máníjà ló ní kí n ṣe é, mà! Nígbà tí wọ́n sọ pé Àbúrò ti kú, mo sáré wá síbí, mo pa ohùn rẹ̀ bí ẹ ṣe pa á yìí, mo sì rí i. Mo lọ sọ fún un. Ó ní tí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á ti ilé iṣẹ́ pa, gbogbo wa la máa jókòó sílé. Ó ní adití ò lè ṣàlàyé ara rẹ̀, pé kò ní pẹ́ tán."

"Kò ní pẹ́ tán," ni ọ̀gá mi tún un wí.

"Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo fi ọmọ inú mi búra! Mi ò dá nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n òun. Ó jókòó tì mí níbí, a jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kò sí èyí tó kù, pé ẹ̀gbọ́n òun á ríṣẹ́ ṣe bí ènìyàn. Ohùn ń lọ nígbà tí à ń wò ó, mà. Etí wa ń gbọ́ ìlà kẹrin, ojú wa ò mọ̀ pé òun ò rí i."

Inú mi bàjẹ́ débi pé mo fẹ́ kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Mo wá lóye bí ikú náà ṣe rí gan-an. Àbúrò fi etí gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan táàpù láìrí òun, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ ògiri lọ ní tirẹ̀, tí kò kánjú. Ẹ̀gbọ́n fi ojú kà á pé tí iná bá tàn, kí òun ṣí i. Ẹ̀kọ́ kan náà làwọn méjèèjì gbọ́ràn sí lẹ́nu, kò sì sí èyí tó ṣe àìgbọràn nínú wọn.

Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ máníjà, Tíṣà sì tẹ̀ lé wa láìsí pé ẹnikẹ́ni fà á. Nígbà mìíràn tí a bá mú ọ̀daràn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹ̀rín kankan rín.

*

Ìyá náà ṣì wà níbi tí a fi í sí. Ọ̀gá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyàfi ti pé Àbúrò ló yẹ ẹ̀kọ́ náà wò. Ó fò ó, mo sì rí i pé ó fò ó.

"Kò mọ̀ọ́mọ̀," ni ìyá náà wí.

"Kò mọ̀ọ́mọ̀, Màmá. Ẹ máa mú un lọ sílé."

Obìnrin náà dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ tán ó tún dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà tí mi ò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé òun ló máa sọ ọ́ fún ọmọ náà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un pé iná ló bàjẹ́," ó ń bẹ ọ̀gá mi. "Ohun tó ti gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa bá iná jà. Ẹ ṣàánú mi."

"Ilé ẹjọ́ á fi hàn án, Màmá. Ó mọ̀wé kà."

Ẹ̀gbọ́n ti dìde. Ojú ló fi ń gbọ́ràn látọjọ́ tó ti dáyé, ó sì ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà Tíṣà tí mo gbé dání bí ẹ̀rí. Mo wo ọ̀gá mi, ó mi orí pé kí n fi hàn án. Mo ṣí ilẹ̀kùn irin, mo gbé kọ̀ǹpútà náà sórí ìjókòó, mo sì ṣí ojú ìwé táàpù fún un.

Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ètè náà dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà yẹn, ó tún ka mẹ́ta tó kù. Ó ṣí ọwọ́ kúrò, ó kà á pẹ̀lú mẹ́rin. Ó tún bò ó, ó tún ṣí i. Ìyá rẹ̀ ń na ọwọ́ sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń lu àyà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbójú sókè láti rí ohun tó ń wí.

Nígbà tó yá, ó rọra ti kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn, ó padà lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi ọwọ́ kan sọ̀rọ̀ sí mi.

"Kí ló wí?" ni mo bi ìyá rẹ̀. "Màmá, kí ló wí?"

Ó wo ilẹ̀kùn irin náà.

"Ó ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ òun."

Mi ò tì í. Ìyá náà wọlé lọ bá a, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ wá ẹní fún wọn.